Ọkọ̀ Àtijọ́ àti Ẹ̀rín Àpọ́n

Ó ti di àṣà láàrin àwọn ọ̀dọ́kùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí àwọn ọ̀rẹ́ ẹni tí ó fẹ́ gbéyàwó mú un lọ sí ìlú òkèèrè ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, kí ó fi dágbére fún ayé àpọ́n. Owó ọkọ̀ òfuurufú tí ó wálẹ̀ ni ó jẹ́ kí àṣà náà gbilẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tí Póláǹdì, Họ́ńgárì àti Ṣẹ́ẹ̀kì wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2004. Ọtí àti ariwo ni a sábà máa ń gbọ́ nípa ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, n kò sì ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn eré tí wọ́n ń sanwó fún níbẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, èyí nì ni wíwa Trabant, ọkọ̀ tí Jámánì Ìlà-Oòrùn ṣe nígbà ìjọba kọ́múníìsì. Ní Berlin àti Kraków, ẹni tí ó bá ní ìwé ìwakọ̀ lè yá a fún wákàtí díẹ̀, kí ó máa wà á kiri ìlú, kí ó sì máa rẹ́rìn-ín.

Kò ṣòro láti fi ọkọ̀ yìí rẹ́rìn-ín. Ìlú Zwickau ni wọ́n ti ń ṣe é láti 1957 títí di 1991, iye tí wọ́n sì ṣe lé ní 3,000,000. Irin wọ́n wọn nígbà náà, nítorí náà òwú àjẹkù tí wọ́n fi oje kẹ́míkà tẹ̀ pọ̀ títí tí ó fi le bí ike ni wọ́n fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì èyí tí ó lókìkí jù, 601, kò ju agbára ẹṣin 26 lọ. Ọ́ìlì ni wọ́n ń lú mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amúnáwá kékeré ní àdúgbò wa mọ irú ariwo àti èéfín tí mo ń wí. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀pá ni a ń kì bọ inú táńkì kí a tó mọ iye epo tí ó kù.

Síbẹ̀, ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi dúró kí ó tó kàn wọ́n láti rà á. Ìdí nìyí tí àlòkù rẹ̀ fi lè wọ́n ju tuntun lọ, nítorí pé ẹni tí ó ra àlòkù kò ní tò sórí ìlà. Àwọn tí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n pè é ní páálí asáré. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi ń rín. (Àwa náà pe Volkswagen ní Ìjàpá, ṣùgbọ́n inú Ìjàpá náà ni a jókòó sí.) Ẹ̀rín àlejò yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé kò bá ibi ẹkún kankan kọjá.

A rí ẹ̀rí ìyàtọ̀ yìí nínú iṣẹ́ ọnà kan ní Prague. Ní 1989, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Jámánì Ìlà-Oòrùn sá wọ ọgbà ilé aṣojú ìjọba Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ní ìlú náà, wọ́n sì fi Trabant wọn sílẹ̀ lójú pópó. Ní 1990, David Černý gbẹ́ ère Trabant kan, ó sì fi ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i dípò táyà. Ó pè é ní *Quo Vadis*, èyí tí ó túmọ̀ sí 'Níbo lò ń lọ?' Ère náà pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí a bá wò ó pẹ́, ẹrù àti ọmọ tí àwọn ènìyàn gbé sá ni yóò máa wá sí wa lọ́kàn. Černý mọ ohun tí ó fi ń ṣeré.

Mo mọ̀ pé àwọn onílé ni wọ́n ń ta eré yìí, owó rẹ̀ sì ni àwọn kan fi ń jẹun. N kò sì sọ pé kí ọkọ ìyàwó lọ́la má ṣe rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ààlà ìgbésí ayé ni ó fẹ́ kọjá. Nínú ẹkún ìyàwó, ọmọge tí ó ń lọ sí ilé ọkọ a máa tọ bàbá, ìyá àti ẹbí lọ, a dúpẹ́, a tọrọ ìre, a sì fi ẹ̀rù tí ń bà á hàn gbangba. Kò sí ẹni tí ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tí kò mọ ilé tí ó ti jáde. Àpọ́n tiwọn yìí wá lọ ṣe tirẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ bàbá rẹ̀, nínú ọkọ̀ tí ìtàn rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Kò ní ẹni tí yóò sọ ẹ̀rù rẹ̀ fún, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè ẹ̀rù ẹni tí ó ni ọkọ̀. Ó ṣe mí láàánú, nítorí Trabant ìbá kọ́ ọ ní nǹkan: ọkọ̀ tí kò lè sáré, tí jíà rẹ̀ wà lẹ́bàá sítíárìn níbi tí ọwọ́ àjèjì kì í tètè rí i, ń fẹ́ sùúrù àti etí tí ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì.

Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá 1989, nígbà tí Ògiri Berlin ṣí, àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ìlú náà dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu òrùlé gbogbo Trabant tí ó ń kọjá, láti fi kí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ káàbọ̀. Ìbá wù mí kí afinimọ̀nà sọ èyí fún àwọn àpọ́n náà kí ó tó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà á.