Ọ̀kẹ́ Kan: Àríwísí lórí Èrò pé Ogún Nìkan ni Ìpìlẹ̀ Òǹkà Yorùbá

Èrò tí ó gbilẹ̀ láàárín àwọn tí ń kọ́ni ní òǹkà Yorùbá ni pé ogún ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Lójú tiwa, èrò yìí kò kún tó; ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, ni ẹlẹ́rìí wa. Bí ó bá jẹ́ ogún nìkan ni a fi ń gòkè, 20, 400, 8,000 àti 160,000 ni ì bá jẹ́ òpó òǹkà wa. Lóòótọ́, 400 ní orúkọ tirẹ̀, irinwó. Ṣùgbọ́n ẹgbàárin tí à ń pe 8,000 kò ju ẹgbàá mẹ́rin lọ, ọ̀kẹ́ mẹ́jọ sì ni 160,000. Òpó tí a fi ń ṣẹ̀dá òǹkà ńláńlá ni ogún, igba, ẹgbàá àti ọ̀kẹ́; ìlọ́po mẹ́wàá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ.

A. Mann, nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní 1887, so ètò yìí mọ́ owó ẹyọ kíkà. A fara mọ́ ọn. Ogójì ẹyọ ni ó wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì kún àpò kan. Bí a bá tú àpò náà palẹ̀, eéjì márùn-ún àti àrún mẹ́rin ni a ó bá nínú ìsọdipúpọ̀ rẹ̀: 2×2×2×2×2×5×5×5×5. Ìdí nìyí tí ọgbọ̀n òǹkà fi lè pín in láìṣẹ́kù. Ẹni mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lè pín in dọ́gba. Bí ẹni mẹ́ta bá pín in, ẹyọ méjì yóò ṣẹ́kù. Ti ẹni méje ló kù díẹ̀ káàtó: 2,857 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan péré ni yóò kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni kí a fi òǹkà kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Kò sí odidi òǹkà tí a lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún tí yóò di ọ̀kẹ́ kan, nítorí eéjì márùn-ún inú rẹ̀ kò ṣeé pín sí ọ̀nà méjì dọ́gba. Ẹ wá wo èyí: igba lọ́nà igba jẹ́ ọ̀kẹ́ méjì, irinwó lọ́nà irinwó, ọ̀kẹ́ mẹ́jọ, ẹgbẹ̀ta lọ́nà ẹgbẹ̀ta, ọ̀kẹ́ méjìdínlógún, ẹgbẹ̀rin lọ́nà ẹgbẹ̀rin, ọ̀kẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, àádọ́ta ọ̀kẹ́, èyí tí í ṣe mílíọ̀nù kan. Iye igba tí ó wà nínú òǹkà ni a ó fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó sì sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ̀ pé igba mẹ́ta ni ẹgbẹ̀ta lè ṣe ìṣirò yìí láìmú gègé. Èyí tí a kọ́ ní ogún nìkan kò lè rí i, bẹ́ẹ̀ orúkọ òǹkà fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ tán.

A kò sọ pé ètò náà kò ní ìnira. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáwàá tí à ń pe 19,000 gbà pé kí ọmọ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀kẹ́, kí ó tó yọ ẹgbẹ̀rún kúrò nínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ìwé wa ń sáré kọjá.