Sadio Mané àti Àwa Tí À Ń Wò Ó

Ọdún kan kì í kọjá kí fídíò yìí má padà wá bá wa. Bí kò bá gba orí WhatsApp ẹgbẹ́ wọlé, yóò gba Facebook tàbí TikTok. Nínú ọkọ̀ ojú irin tí ń lọ láti Mile 2 sí Marina ni a tún ti rí i láìpẹ́ yìí, lórí fóònù ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó sọ fún wa pé Festac ni òun ń gbé. Ó wò ó tán, ó mi orí, ó ní, "Ẹ wo ẹni tí owó kò yí padà." Ó tún un wò. Kí a tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Sadio Mané, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Senegal, ni ó wà nínú rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ni fídíò náà jáde. Liverpool ṣẹ̀ṣẹ̀ na Leicester ní ilé wọn pẹ̀lú àmì ayò 2 sí 1, Mané sì wà lára àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni ayé rí i ní mọ́sálásí kan ní Liverpool, tí ó ń bá wọn fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò sí ìtàn gígùn níbẹ̀, ènìyàn kan ń fọ ibi tí ó dọ̀tí ni. Ojú ìwé yìí a máa yẹ ìwé àti eré wò, àwọn kan lè bi wá pé kí ni fídíò bọ́ọ̀lù ń wá níbí. Ìdáhùn wa ni pé àwọn èwe wa ti wo fídíò kékeré yìí ju bí wọ́n ti ka ìwé kankan lọ, ohun tí wọ́n sì ń rí kọ́ nínú rẹ̀ tó gbé yẹ̀ wò.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Mané yóò mọ̀ pé ìwà náà kò ṣàdédé dé bá a. Ní Bambali, abúlé kan ní gúúsù Senegal, ni a bí i ní ọdún 1992. Lèmọ́mù ni bàbá rẹ̀. Ọmọdé ni Mané nígbà tí bàbá náà kú, kò sì sí ilé ìwòsàn ní abúlé wọn tí wọn ìbá gbé e lọ. Nígbà tí Ọlọ́hun bù kún un, ó kọ́ ilé ìwé síbẹ̀. Ní ọdún 2021 ni wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn tí ó fi owó ara rẹ̀ kọ́. Ní tiwa, ilé ìwòsàn yẹn wú wa lórí ju fídíò lọ. Bí bátìrì fóònù bá kú, ilé ìwòsàn ṣì wà ní ìdúró.

Ṣé ṣekárími ni fídíò náà? Àwọn kan sọ bẹ́ẹ̀, a kò sì bá wọn gbà á. Ẹlòmíràn ni ó di fóònù mú. Ẹnu iṣẹ́ ni Mané wà. Àlùkùránì pàápàá, nínú Súúrátù Bákárà, áyà 271, kò bẹnu àtẹ́ lu sàráà tí a ṣe ní gbangba. Èyí tí a ṣe ní ìkọ̀kọ̀ ni ó fi ṣáájú. Ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni, Ọlọ́hun ni ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé Amuwo-Odofin ti rí irú fídíò kejì. Oṣù ààwẹ̀ dé, ẹni tí yóò pín ìrẹsì mú ayàwòrán dání, ìyá arúgbó tí yóò gba ìrẹsì sì ní láti gbé ojú sókè kí kámẹ́rà lè rí i dáadáa. A ti rí ìyá tí ó fi ìborùn bo ojú, tí wọ́n ní kí ó ṣí i. Nínú fídíò Mané, kò sí ẹni tí ojú tì. Nítorí èyí ni a ṣe kà á sí ohun tí ó dára.

Àbùkù tí a rí, ọ̀dọ̀ àwa òǹwòran ni ó wà. Kí ni ó yà wá lẹ́nu gan-an? Kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó mọ́. Iye owó tí ẹni tí ń fọ̀ ọ́ ń gbà lọ́sẹ̀ ni. Ẹ mú Mané kúrò, ẹ fi bàbá kan tí a kò mọ̀ rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ kan náà, kò sí ẹni tí yóò wò ó dé ìdajì. Nígbà náà, ṣé ìrẹ̀lẹ̀ ni a fẹ́ràn, àbí òkìkí?

Hádíìsì kan wà tí Bukhari àti Muslim gbà wá, nípa obìnrin dúdú kan tí ó máa ń gbá mọ́sálásí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Obìnrin náà kú, wọ́n sin ín, wọn kò sọ fún Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí Ànábì kò rí i mọ́, ó béèrè rẹ̀. Wọ́n ní ó ti kú. Ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó sì kírun sí i lára níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé obìnrin yìí kò lówó, kò sì lókìkí. Kò sí orí òkè kankan tí ó ti sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó wá gbálẹ̀. Síbẹ̀, Ànábì mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́.

A tún rí ohun tí àwọn ènìyàn sọ fídíò náà dà. Wọ́n fi orin sí i, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sí i lára, wọ́n fi ń bú agbábọ́ọ̀lù mìíràn tí ó ra ọkọ̀ olówó ńlá. Ìrẹ̀lẹ̀ ẹnìkan wá di pàṣán tí a fi ń na ẹlòmíràn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, nígbà tí Mané wà ní Bayern Munich ní Jámánì, Manchester City na wọ́n 3 sí 0, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti Leroy Sané, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn eré náà. Bayern dá Mané dúró, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Àwọn kan nínú àwọn èwe wa bínú bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n wọn ni ó dà wọ́n. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, wọ́n ní nítorí pé ó jẹ́ mùsùlùmí ni wọ́n ṣe fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ gan-an ni ó kéde ìyà náà. Ọmọ Ádámọ̀ a máa bínú. Àwa ni a fi fídíò kékeré sọ ọ́ di màláíkà.

Ó yẹ kí ará Festac mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ. Ìlú tí ìjọba kọ́ láti gba àwọn àlejò àjọ̀dún FESTAC ọdún 1977 sí ni; ní nǹkan bí ọdún 2000, ibẹ̀ ni àwọn Plantashun Boiz, 2face Idibia, Blackface àti Faze, fìdí kalẹ̀ sí, kí "African Queen" ti 2face tó gbòde ní 2004. (Orin wọn kọ́ ni a ń polongo níbí o.) Ojú títì ni àwọn aládùúgbò ti ń rí irú àwọn bẹ́ẹ̀. Bí gbajúmọ̀ bá ń gbé kílósì kan náà pẹ̀lú rẹ, o rí i nígbà tí inú rẹ̀ dùn, o rí i nígbà tí ó ń jà, o sì mọ̀ bóyá ó ń kí àgbà. O lè fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Fóònù kì í fún wa ní gbogbo rẹ̀.

A kò ní fídíò náà kò ṣe oore. Iṣẹ́ tí ń ti àwọn ọmọ wa lójú tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ń dá ara wọn lórúkọ fún un. Ní ọjọ́ Sátidé kan ṣáájú ààwẹ̀, àwa ọmọ ẹgbẹ́ lọ fọ mọ́sálásí kan ní Amuwo-Odofin, láti ibi àlùwàlá dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. A ya fídíò, a gbé e sórí WhatsApp, a sì kọ orúkọ Sadio Mané sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣàdúà fún wa. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ẹnìkan nínú wa béèrè pé, bàbá tí ń fọ ibẹ̀ lójoojúmọ́ dà? A wò ó títí, kò sí nínú àwòrán kankan. Òun ni ó kó ìgbálẹ̀ fún wa, òun ni ó pọn omi, ẹ̀yìn ẹni tí ó di fóònù mú ni ó dúró sí. A ní kí a kọ orúkọ rẹ̀ kún un. Àwa mẹ́tàdínlógún wo ojú ara wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kírun níbẹ̀ láti kékeré, "Bàbá Mọ́sálásí" nìkan ni a mọ̀ ọ́n sí. Ìyá tí ń ta píọ́ wọ́tà lẹ́nu géètì ni ó sọ orúkọ rẹ̀ fún wa ní ọjọ́ kejì.