Ọwọ́ Awakọ̀ Lórí Òkè Èkìtì
Kí a tó kúrò l'Ádó-Èkìtì, awakọ̀ wa ti tẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, ó sì ti bu omi sí rédíétọ̀. A gba Ìyìn, Ìgèdè àti Àrámọ̀kọ kọjá, ìkòkò àti ẹní wa wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì.

Orí òkè ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ọkọ̀ wíwà. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ wa kì í tẹ bíréèkì ṣáá. Jíà kejì ló fi ń di ọkọ̀ mú, kí bíréèkì má baà gbóná. Tí kọ́nà bá dé, á fọn fèrè. Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá!

Ní Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù, gbogbo wa ki ẹsẹ̀ bọ odò. Òun ò tíì bọ́ bàtà. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan táyà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.