Ọ̀bẹ àti Èkù Rẹ̀

Oríṣìí ìwé kan wà tí àwa tí a ń ṣe lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ kì í sábà kà mọ́ iṣẹ́ wa. Ìwé náà ni àbọ̀ ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ ìjọba tàbí ilé-ẹ̀kọ́ gíga máa ń gbé jáde nígbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́. Àwọn amòfin àti àwọn oníròyìn ni a máa ń fi í sílẹ̀ fún. Síbẹ̀, bí a bá wò ó finnífinní, ó ní asọ̀tàn, ó ní ẹ̀dá-ìtàn, ó sì ní ibi tí ó ti mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́. Ibi tí ó ti dákẹ́ yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a jọ wò nínú àbọ̀ mélòó kan tí wọ́n kọ nípa eré ìdárayá àti ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì North Carolina tí ó wà ní Chapel Hill, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ kékeré. Ti ìjọba ni; láti 1795 ni ó sì ti ṣílẹ̀kùn fún akẹ́kọ̀ọ́, kò sí yunifásítì ìjọba mìíràn ní Amẹ́ríkà tí ó ṣáájú rẹ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Ní ti bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ti gba ife-ẹ̀yẹ NCAA, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì ilẹ̀ náà. Michael Jordan wà lára àwọn tí ó gba ti 1982. Ẹni tí ó bá jẹ́ pé ìdíje NUGA nìkan ni ó mọ̀, èyí tí àwọn yunifásítì wa bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1966, lè má tètè lóye bí nǹkan ti rí lọ́hùn-ún. Ní tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó lọ sáré, tí ó sì padà wá ṣe ìdánwò. Ní tiwọn, gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nìkan gba èrò tí ó lé ní 21,000. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń san owó gọbọi. Owó-oṣù akọ́nimọ̀ọ́gbá sì ga ju ti gíwá lọ fíìfíì. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ọmọ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù náà nìkan ni òfin kò gbà láàyè láti gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ní àwọn fi ń san án fún un. Kí òǹkàwé fi májẹ̀mú yìí sọ́kàn: bí ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ òfìfo, a jẹ́ pé ọmọ náà ṣiṣẹ́ lásán.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò rí ewu náà tẹ́lẹ̀. Ní 1989, àjọ Knight Foundation dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti yẹ eré ìdárayá àwọn yunifásítì wò. Ọ̀kan nínú alága méjèèjì ni William Friday, ẹni tí ó ti ṣe olórí àwọn yunifásítì ìjọba ní North Carolina fún ọgbọ̀n ọdún. Àbọ̀ wọn jáde ní 1991. Kókó rẹ̀ ni pé kí àwọn gíwá gba ìjánu lọ́wọ́ àwọn tí ó dì í mú, kí ẹ̀kọ́ jẹ́ ẹ̀kọ́, kí ìṣirò owó mọ́ kedere, kí ará ìta sì máa wá jẹ́rìí sí i. Ìmọ̀ràn àgbà ni. Ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 1993, ìwà tí ìgbìmọ̀ náà ń kìlọ̀ fún gbòǹgbò ní ilé Friday fúnra rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò díjú. Nínú ẹ̀ka tí ó ń kọ́ni nípa ilẹ̀ Áfíríkà àti àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, akọ̀wé ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò àwọn kíláàsì tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí, tí olùkọ́ kan kì í wọ̀. Pépà kan ṣoṣo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ. Akọ̀wé náà, tí kì í ṣe olùkọ́, ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ni yóò fún un ní máàkì, máàkì ọ̀hún a sì máa ga. Olórí ẹ̀ka mọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ó wà títí di 2011, ọdún méjìdínlógún gbáko. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba ibẹ̀ kọjá lé ní 3,100. Eléré ìdárayá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kò ju bí mẹ́rin lọ nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Kíláàsì èdè Swahili wà lára wọn, tí ó jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi kọ pépà rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan èmi. Àwọn ènìyàn wa tí ó ń kọ́ni ní Yorùbá ní àwọn yunifásítì bíi Wisconsin àti Florida mọ bí ó ti ṣòro tó kí wọ́n tó gbà lọ́hùn-ún pé èdè Áfíríkà jẹ́ ìmọ̀ tí ènìyàn ń fi òógùn ojú kọ́. Àbọ̀ ìwádìí sọ fún wa pé akọ̀wé náà ṣàánú àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń ni lára. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo rò pé ó yẹ kí àbọ̀ kọ́ọ̀kan fi ṣíwájú ni pé báwo ni irú èyí ṣe lè pẹ́ tó ọdún méjìdínlógún láìjẹ́ pé ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ṣé ẹ̀ka kẹ́místírì ni yóò máa fún ènìyàn ní máàkì láìsí olùkọ́, tí àwọn aláṣẹ yóò sì máa wò ó bẹ́ẹ̀? Ní tèmi, ojú tí wọ́n fi wo ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà wà lára ohun tí ó fún ìwà náà ní ààbò.

Nígbà tí ìwé ìròyìn ìlú Raleigh bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ náà síta ní 2011, ìwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í gorí ìwádìí. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ti ìṣáájú ni ti James Martin, gómìnà ìpínlẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ rí, tí ó jáde ní oṣù Kejìlá, 1912 kọ́, 2012 ni. (Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìkọ ọ́, nítorí pé bí ìwé ayé àtijọ́ ni ó ṣe rí létí mi.) Ó rí kíláàsì tí ó lé ní igba tí ó mú ìfura lọ́wọ́. Ìdájọ́ rẹ̀ sì ni pé ti ẹ̀kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà, kì í ṣe ti eré ìdárayá, nítorí pé àwọn tí kì í ṣe eléré náà wà nínú àwọn kíláàsì ọ̀hún. Ẹ wo ìbéèrè tí ó gbé ìdájọ́ yìí wá: ti ẹ̀kọ́ ni, àbí ti eré? Ìbéèrè ẹni tí ó ń wá ẹnu-ọ̀nà tí yóò gbé òkú gbà jáde ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó pa òkú náà kò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Akọ̀wé àti olórí ẹ̀ka kò sì bá Martin sọ̀rọ̀ rárá. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ka àbọ̀ Kenneth Wainstein ti oṣù Kẹwàá, 2014, sí iṣẹ́ tí ó dára jù lọ nínú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yunifásítì náà ni ó bẹ òun pẹ̀lú lọ́wẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ ni nígbà kan rí. Ènìyàn 126 ni òun àti àwọn tirẹ̀ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, akọ̀wé àti olórí ẹ̀ka sì wà nínú wọn lọ́tẹ̀ yìí. Nínú ohun tí ó kó jọ ni mo ti rí ojú ìwé tí n kò lè gbàgbé. Ní 2009, lẹ́yìn tí akọ̀wé náà fẹ̀yìn tì, àwọn agbaninímọ̀ràn nípa ẹ̀kọ́ ṣe àlàyé fún àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ ti Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri fún wọn pé àwọn kíláàsì tí àwọn ọmọ kò ti ní láti wá, tí wọn kò ti ní láti kọ nǹkan sílẹ̀, tí wọn kò tilẹ̀ ní láti la ojú sílẹ̀, ti dópin. Kò sí àbùkù kankan nínú ìkọ̀wé náà. Ó ṣe ṣókí, ó sì já gaara, nítorí pé àwọn tí ó kọ ọ́ kò mọ̀ pé àjèjì yóò kà á.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ní Chapel Hill, òtítọ́ lé e bá lóòótọ́. Ní 2015, àjọ tí ó ń fọwọ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga fi yunifásítì náà sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan NCAA ní oṣù Kẹwàá, 2017, ẹgbẹ́ náà ní òun kò rí òfin òun tí wọ́n rú: gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni kíláàsì náà ṣí sílẹ̀ fún, yunifásítì nìkan ni ó sì lè sọ bóyá ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ni jẹ́ ojúlówó tàbí ayédèrú. Yunifásítì náà ti fẹnu ara rẹ̀ pè é ní èrú níwájú àjọ àkọ́kọ́. Níwájú NCAA, ó ní àṣìkọ ni ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi kò mọ ìwé ìtàn àròsọ tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ yí ohùn padà báyìí tí òǹkàwé kò ní ju ìwé náà nù.

Nínú gbogbo ojú ìwé wọ̀nyí, iye ni ọmọ tí ó gbá bọ́ọ̀lù máa ń jẹ́. A kà á, a dá a sí ọ̀nà, a fi í sínú àtẹ. Rashad McCants, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ní 2005, jáde sọ̀rọ̀ lórí ESPN ní 2014 pé àwọn kíláàsì wọ̀nyẹn ni ó jẹ́ kí òun lè máa gbá bọ́ọ̀lù lọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ta ko ọ̀rọ̀ náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà kò sì gbè é. Mary Willingham, òṣìṣẹ́ tí ó pariwo pé àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà kò lè kàwé dáadáa, bá yunifásítì dé kóòtù kí wọ́n tó parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí ní 2015.

Àtúnṣe wáyé o, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Yunifásítì náà ka àtúnṣe tí ó lé ní àádọ́rin. Púpọ̀ nínú wọn kò ju kí a máa wò bóyá olùkọ́ wà nínú kíláàsì lọ. Èyí tí ó ní ìtumọ̀ jù lójú mi ni pé láti 2013, àwọn tí ó ń gba eléré ìdárayá nímọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ̀ fún aláṣẹ àgbà tí ó ń rí sí ẹ̀kọ́ ní gbogbo yunifásítì. Ìgbìmọ̀ tí Hunter Rawlings ṣe alága rẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní kí ọmọ tí kò tíì gbáradì fún yunifásítì fi ọdún àkọ́kọ́ kàwé, kí ó má bá wọn díje. Kì í ṣe àṣà tuntun. Kí ó tó di 1972, bẹ́ẹ̀ ni NCAA fúnra rẹ̀ ń ṣe fún gbogbo ọmọ ọdún àkọ́kọ́ nínú eré bọ́ọ̀lù méjèèjì tí owó wà nínú rẹ̀.

Májẹ̀mú tí mo mẹ́nu bà lókè ti yí padà báyìí. Láti 2021 ni wọ́n ti gbà kí eléré ìdárayá máa fi orúkọ rẹ̀ pawó. Láti oṣù Keje, 2025, yunifásítì fúnra rẹ̀ lè san owó fún wọn ní tààrà, ó lé ní ogún mílíọ̀nù dọ́là fún ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ́dún. Àwọn kan ń sọ pé ọ̀rọ̀ kíláàsì kò tún ṣe pàtàkì mọ́, nígbà tí ọmọ ti ń gba owó rẹ̀. Àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù láàrin 1993 sí 2011 kò sí nínú ìyẹn.

Fún àwọn yẹn, ètò kan wà tí yunifásítì náà dá sílẹ̀, Complete Carolina ni orúkọ rẹ̀. Ó ń pe eléré ìdárayá tí ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láìgboyè padà, ó sì ń ràn án lọ́wọ́ láti parí. Ètò dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gboyè pẹ̀lú máàkì Swahili nínú ìwé èsì rẹ̀, tí kò sì gbọ́ gbólóhùn Swahili kan, kò ní ohun tí yóò padà wá parí.