Ọwọ́ Kílọ́ọ̀ṣì Ni Mo Kọ́kọ́ Ń Dì Mú

Mẹ́káníìkì tó bá mú sípánà kó tó tẹ́tí, owó oníbàárà ló fẹ́ ná. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kílọ́ọ̀ṣì ju gbogbo iṣẹ́ ọ̀kadà yòókù lọ: ẹni tó bá mọ ìbéèrè bi, á ti mọ àìsàn rẹ̀ kó tó tú bóòtù kankan.

Lọ́dọ̀ wa, láti Àkànràn dé Lálùpọn, láti Ẹ̀rúnmu dé àwọn abúlé ẹ̀yìn Mọ́níyà, ọ̀kadà ló ń kó ẹ̀gẹ́ àti kòkó jáde lóko. Bajaj Boxer pọ̀ bí i kí ló dé; Honda CG125 àti Jincheng AX100 àtijọ́ náà ṣì ń rìn. Ẹrù wúwo, ẹrẹ̀ jìn, ọlọ́kadà ò sì fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú, ló bá di kílọ́ọ̀ṣì mú díẹ̀, kò fà á tán, kò sì tú u sílẹ̀. Ibẹ̀ ni pléètì inú kílọ́ọ̀ṣì ti ń jóná.

"Ọ̀gá, kò gbé mi mọ́ o!"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ariwo rẹ̀ ń ròkè tí kò sì sáré, àbí ó ń fò síwájú tí ẹ bá ti tẹ jíà?"

Ọ̀tọ̀ ni àrùn méjèèjì. Èyí tó ń pariwo lórí òkè láìgbéra, pléètì rẹ̀ ń yọ̀ ni. Èyí tó ń fò, tàbí tí kì í rí fíríì tó bá dúró, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ò tú tán ni.

Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì ni mo kọ́kọ́ ń dì mú. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mì bíi mìlímítà 10 sí 20 kó tó le. Bí kò bá mì rárá, kébù ti fà jù, sípíríǹgì ò ní lè tẹ pléètì pọ̀ dáadáa. Bó bá dẹ̀ jù, kébù ò ní fà á tán. Nọ́ọ̀tù kékeré ibẹ̀ la máa yí. Kébù tó gbẹ, ẹ fún un lọ́ìlì. Èyí tí fọ́nrán rẹ̀ ń já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ́ìlì ló kàn. Ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì Boxer jọ ń lò. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan ní èròjà tó ń mú irin yọ̀ sí i. Pléètì ọ̀kadà kì í lè dì mú nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí lára ni kí ẹ rà. Ti AX100 yàtọ̀: ọ́ìlì tó ń jó pẹ̀lú bẹntiróòlù kọ́ ló wà nínú jíà, ọ̀pọ̀ èèyàn a sì máa gbàgbé ti inú jíà yẹn.

Bí gbogbo èyí ò bá ṣiṣẹ́, ìgbà náà ni mo tó máa fi ọ̀kadà dẹ̀gbẹ́ sápá òsì, kí ọ́ìlì má baà dà nù, kí n wá ṣí ìdérí ọ̀tún. Pléètì irin tó ti rí bí aró fi hàn pé ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún kì í kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń tẹ́ ẹ sórí gíláàsì. Tó bá ń mì, ó ti ká nìyẹn. Pléètì tuntun gbọ́dọ̀ mu ọ́ìlì kó tó wọlé, a sì máa ń de bóòtù sípíríǹgì díẹ̀díẹ̀, èyí tó dojú kọra lẹ́yìn ara wọn.

Owó kékeré ló wà nínú yíyí nọ́ọ̀tù. Síbẹ̀, ọmọọṣẹ́ mi tó bá fi nọ́ọ̀tù kan ṣoṣo dá oníbàárà padà sóko láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, òun ni mo mọ̀ pé ó ti ń mọṣẹ́.