Ọwọ́ Màmá Lára Gbòǹgbò

Bí ọ̀rọ̀ Màmá bá délẹ̀ láàárín àwọn tó kọ́ ọ̀gbìn inú omi lọ́dọ̀ wọn ní Bódìjà, n'Íbàdàn, ọwọ́ wọn ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá. Àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá ni wọ́n fi ń mú gbòǹgbò kan ṣoṣo láàárín àìmọye, wọ́n á fà á pẹ̀lẹ́, wọ́n á sì sọ ohun tó ń ṣe ewéko náà kí ẹnikẹ́ni tó rántí gbé mítà jáde. Ẹni tó kọ àròkọ yìí wà lára àwọn tó jókòó ti garawa wọn kọ́ ọ, kò sì tíì rí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń hu irúgbìn nínú fóòmù, bí wọ́n ṣe ń po ajílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mú pH wá sí àárín 5.5 àti 6.5, ẹni tó bá ti ní garawa kan lẹ́yìnkùlé ti mọ gbogbo ìyẹn. Ohun tó ń da àtàgbà àtọmọdé rú nínú iṣẹ́ yìí ni kí ewé máa rọ nígbà tí ẹsẹ̀ ewéko wà nínú omi.

Gbòǹgbò ń mí. Omi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 20°C lè gba ọ́síjìn bíi mílígíráàmù 9 nínú lítà kan. Tó bá di 30°C, kò lè gbà ju bíi 7.5 lọ, bẹ́ẹ̀ ooru yẹn kan náà ló ń mú kí gbòǹgbò fẹ́ mí sí i. Garawa dúdú tó wà nínú oòrùn n'Íbàdàn lóṣù Kejì kì í pẹ́ gbóná débẹ̀. Bí ọ́síjìn bá wọ́n, àwọn ojúlé tíntìntín tí omi ń gbà wọ inú gbòǹgbò á tì, òùngbẹ á sì máa gbẹ ewéko láàárín omi. Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí tètè mọ̀ ọ́n. Nígbà tí William Gericke bẹ̀rẹ̀ ọ̀gbìn rẹ̀ ní Yunifásítì California ní 1929, àlàfo wà láàárín ibùsùn wáyà tó gbé ewéko dúró àti omi tó wà nísàlẹ̀, kí gbòǹgbò lè rí afẹ́fẹ́. Dennis Hoagland àti Daniel Arnon, tí ìwé pẹlẹbẹ wọn lórí ọ̀gbìn inú omi jáde ní 1938, kò fi ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ṣeré rárá.

Àárọ̀ kùtù ni Màmá máa ń yẹ gbòǹgbò wò, kí oòrùn tó ràn. Lọ́sàn-án, oòrùn nìkan tó láti mú ewé rọ, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ewéko tó sorí kọ́ ní aago méjì ọ̀sán tó sì gbérí lálẹ́ lè máà ní àrùn kankan. Ó sì lè jẹ́ pé àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, torí báyìí náà ni gbòǹgbò jíjẹrà ṣe ń kọ́kọ́ fara hàn. Ewé kò lè sọ èwo ni.

Wọ́n á fọ ọwọ́ wọn dáadáa, wọ́n á sì jẹ́ kó tutù nínú omi tó mọ́. Ewéko tó le ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé sókè, kì í ṣe èyí tó ń ṣàìsàn. Ọwọ́ tó bá ti kan gbòǹgbò tó jẹrà lè kó àrùn ran ìkejì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìka gbọ́dọ̀ mọ bí gbòǹgbò tó dára ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà kó tó lè dá èyí tí kò dára mọ̀.

Wọn kì í gbára lé àwọ̀. Òótọ́ ni pé gbòǹgbò tó dára a máa funfun, ṣùgbọ́n irin tó wà nínú ajílẹ̀ lè pa á láró títí á fi di àwọ̀ tíì. Àìmọye lẹ́tọ́ọ̀sì tí kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n ti dà nù nítorí àwọ̀ yìí. Màmá á gbé e súnmọ́ imú ná. Bí òórùn ìrà bá ti ń jáde, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni fífà. Gbòǹgbò wẹ́wẹ́ láti àárín ni wọ́n ń mú, kì í ṣe èyí tó gùn jù, torí ẹnu ìyẹn ti lè máa wọ́ nínú ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ garawa. Èékánná kò gbọ́dọ̀ kàn án. Awọ ìka nìkan ni. Wọ́n á dì í mú díẹ̀ sókè sí ẹnu rẹ̀, wọ́n á sì fà á lọ sísàlẹ̀ láìkánjú. Gbòǹgbò tó wà láàyè á dúró. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fi agbára fà á, odindi ni yóò já. Bí Pythium, àrùn tó ń mú gbòǹgbò jẹrà, bá ti wọ̀ ọ́, awọ ìta á bọ́ sọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀wà tí wọ́n rẹ fún mọ́ínmọ́ín, á wá ku òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín.

Èsì kẹta ni ọ̀pọ̀ kì í mọ̀. Awọ kò bọ́, kò sì sí òórùn, àmọ́ ẹnu gbòǹgbò pọ́n, ó gbẹ, ó sì kúkúrú. Iyọ̀ ló pọ̀ jù. Lásìkò ooru, omi ni ewéko ń mu jù, ajílẹ̀ a sì máa ṣẹ́kù sẹ́yìn. Lẹ́tọ́ọ̀sì tí EC (ìwọ̀n iyọ̀ inú omi) bíi 1.2 tọ́ sí lè bá ara rẹ̀ nínú ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹni tó bá tún bu ajílẹ̀ sí i lérò pé ebi ló ń pa á ti dá kún ìyà rẹ̀ nìyẹn.

Ọkùnrin kan gbé garawa ata rodo wá bá Màmá nígbà kan, gbogbo ewé rẹ̀ ti rọ. “Màmá, ẹ gbà mí, mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún un.” Kò sí pọ́ǹpù lára garawa náà, ọ̀nà tí Bernard Kratky gbé jáde ní Yunifásítì Hawaii ló ń lò. Màmá gbóòórùn, wọ́n fa gbòǹgbò, ó dúró, ẹnu rẹ̀ funfun. Ìka wọn wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ibi tí gbòǹgbò ti hu irun wẹ́wẹ́, nísàlẹ̀ ìdérí gan-an. “Ṣé o rọ omi kún un kó o tó rìnrìn àjò ni?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó kún dé ẹnu. Nínú ọ̀nà Kratky, bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ ni gbòǹgbò òkè ń di ti afẹ́fẹ́, irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ kì í sì í fara da kí wọ́n dédé rì í. Màmá bu omi náà dà títí ó fi dé ìdajì. Wọn ò fi ohunkóhun sí i, ata náà sì gbérí.

Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí ẹni tó bá ti rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ sí ohun tí wọ́n ń pè ní ìrọ̀rùn lóde òní. Àwọn kan á ya fọ́tò ewé, fóònù á ní kí wọ́n ra èyí, kí wọ́n da tọ̀hún sí i, láìsí ẹni tó ṣí ìdérí wo ìsàlẹ̀. Wọ́n á da hydrogen peroxide sí i. Ọ́síjìn tó ń tú jáde níbẹ̀ kì í pẹ́ tán, á sì ti pa kòkòrò rere pọ̀ mọ́ búburú. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá ni wọ́n ń tà fún èèyàn, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ á sì gba inú rẹ̀ kan. Pọ́ǹpù wọn kò ní bátìrì, bí iná ṣe ń lọ yìí. Bẹ́ẹ̀, níbi tí ewéko mẹ́wàá bá ti ń mu nínú páìpù kan, ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ìtọ́jú Màmá kò ní ariwo. Wọ́n á gé gbòǹgbò tó jẹrà, wọ́n á gé ewé díẹ̀ pẹ̀lú, torí gbòǹgbò tó ṣẹ́kù kò lè pọn omi fún gbogbo rẹ̀. Wọ́n á fọ garawa, wọ́n á po omi tuntun pẹ̀lú ìdajì ajílẹ̀, wọ́n á gbé e sí ibòòji, wọ́n á sì ti ìgò omi dídì bọ̀ ọ́ lọ́sàn-án. Ewé tó kọ́kọ́ gbérí kì í tàn wọ́n jẹ; àfi bí gbòǹgbò funfun tuntun bá yọ nídìí igi ni ajílẹ̀ tó ń padà sí bó ṣe yẹ.

Àwọn tó ń ta ohun èlò yìí l'Ékòó àti n'Íbàdàn lè ṣe oníbàárà lóore bí wọ́n bá yọ ìgò oògùn gbòǹgbò kúrò nínú páálí wọn, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru omi rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì kun garawa ní dúdú nínú, funfun lóde. Owó kékeré ni. Ó máa gba ọ̀pọ̀ lẹ́tọ́ọ̀sì là kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ Màmá.