Ọ̀rọ̀ Ọjà Tó Ń Rìn Jìnnà Lórí WhatsApp

Ọ̀rọ̀ orí WhatsApp tí èèyàn ń fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kì í gùn. Nígbà tí Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè Yorùbá, pe àwọn èèyàn láti kọ Yorùbá lórí Twitter ní ọdún 2012, àmì 140 péré ni wọ́n ń gbà fún ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. WhatsApp fàyè gba ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ọlọ́jà ló ń kó ara rẹ̀ níjàánu. Ní Mayfair, nílùú Ilé-Ifẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ àti ará ìlú ti ń bára wọn nájà, ọjà àti iye rẹ̀ ni ọlọ́jà tó mọ ọ̀rọ̀ ọjà kọ fi ń ṣáájú. Àdúrà lè tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ orí status WhatsApp ni wọ́n gbé e sí, wákàtí 24 ló ń lò níbẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ ni ojú sì kọ́kọ́ ń bà. Nọ́ńbà fóònù gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an, nítorí ẹni kẹta tó bá gbà á kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ibí yìí ni ọgbọ́n àwọn ọlọ́jà ti wúni lórí jù: ẹni tí wọn kò tíì rí rí ni wọ́n ń kọ̀wé sí. Wọ́n sì ń dáàbò bo orúkọ ẹni tó ń bá wọn pín ọ̀rọ̀ náà: iye tí wọ́n kọ ni wọ́n ń ta ọjà, bí ọjà bá sì tán, wọ́n á kéde.